Fèrè Ọkọ̀ ní Òkè Omifunfun

                                        Ilé Àwọn Awakọ̀,
                                        Ọgbà Gedú,
                                        Òrè,
                                        Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹwàá, 1964.

Barnabas, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Evelyn ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ìyá àgbà tí ẹ jọ ń gbé? Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín ní àlàáfíà. Ní tiwa níhìn-ín, a dúpẹ́. Joanna wà, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù ìkẹyìn, ó sì ń rìn bí ọkọ̀ tó gbé gedú tó ju agbára rẹ̀ lọ. Ó ní kí n kí ọ, kí n sì bi ọ́ bóyá àwọn ará Sapele ti jẹ́ kí o gbàgbé púpurú. Mo ní èèyàn kì í gbàgbé oúnjẹ tó fi dàgbà. Ó ní kí n má gbẹ́kẹ̀ lé ọ, pé ọkùnrin tó bá ti fẹ́yàwó sí òde, ikùn rẹ̀ ti di ti àna rẹ̀.

Mo mọ̀ pé o ti ń sọ ọ́ lọ́kàn rẹ pé Zachariah tí kì í kọ lẹ́tà, kí ló ṣe é tó fi kọ èyí tó gùn báyìí. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nílẹ̀, mi ò sì ní fi í pamọ́. Àwọn tó ti ọ̀dọ̀ yín bọ̀ sọ fún wa pé wọ́n rí Máníjà wa ní Sapele, pé ó ń wá awakọ̀ tó mọ ọkọ̀ gedú wà, tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Òrè kíákíá. Wọ́n ní ó tiẹ̀ ń bèèrè rẹ lórúkọ, nítorí ó rántí pé o ti bá wa ṣiṣẹ́ rí, àti pé kò sí kọ́nà tí o kò mọ̀ nínú igbó Odígbó. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀ láti ìgbà òjò. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, mi ò sì ní kí o má jẹun. Ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́ fún ni pé kí o ka lẹ́tà yìí tán kí o tó fún ọkùnrin náà lésì.

Ikú Ọlọ́runyọmí, ọkọ àbúrò rẹ, ni mo ní láti fi bẹ̀rẹ̀. O wá síbi ìsìnkú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n èmi ni mo wà lórí ọ̀nà lọ́jọ́ tó kú, àwa méjèèjì kò sì fẹnu kan ọ̀rọ̀ náà rí. O rántí òfin òkè Omifunfun. Ọ̀nà yẹn kò gba ọkọ̀ méjì. Ẹni tó bá gbé gedú bọ̀ láti inú igbó yóò dúró lórí òkè, yóò pa ẹ́ńjìnnì, yóò fun fèrè, yóò sì tẹ́tí sílẹ̀. Bí ọkọ̀ òfìfo bá ń gòkè bọ̀, awakọ̀ rẹ̀ yóò fun fèrè tirẹ̀ dáhùn, ẹni òkè yóò sì dúró títí ẹni ìsàlẹ̀ yóò fi kọjá. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn, a ó fi ọkọ̀ sí jíà tó kéré jù, a ó máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sí àgbà, kò sí ọmọdé nínú òfin yìí. Ọkọ̀ Máníjà pàápàá ń dúró.

Lọ́jọ́ náà, Ọlọ́runyọmí fun fèrè, kò sí ẹni tó wà nítòsí láti dáhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìsàlẹ̀ òkè ni nígbà tí mo gbọ́ fèrè rẹ̀ tó ń bọ̀ láìdákẹ́. Bíréèkì ti já. Awakọ̀ mìíràn ì bá ti fò bọ́ sílẹ̀, àyè wà fún un láti fò. Ọlọ́runyọmí jókòó, ó tẹ fèrè mọ́lẹ̀ kí ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ lè sá. Èmi ni ẹni tó wà nísàlẹ̀. Mo yí ọkọ̀ mi wọ inú igbó, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì rí ojú rẹ̀. Mi ò ní sọ bí ojú náà ṣe rí fún ọ, nítorí mi ò fẹ́ kí àwa méjèèjì jọ máa rí i.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ dojú dé sínú àfonífojì, fèrè kò dákẹ́. Nǹkan kan ti há mọ́ ọn. A ń yí gedú kúrò, fèrè ń dún. A gbé e jáde, a tẹ́ ẹ sórí ewé, fèrè ń dún. Títílọpẹ́ àbúrò rẹ sáré dé láti abúlé, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ fèrè, ó sì rò pé ọkọ òun ló ń fun ún, pé ó ṣì wà láàyè nínú ọkọ̀. Ó ń bẹ̀ wá pé kí a tètè lọ yọ ọ́. Òkú wà lórí ewé níwájú rẹ̀, ó ń bẹ̀ wá pé kí a lọ yọ ọkọ òun. Ìgbà tí bátìrì kú tí fèrè dákẹ́ ni ó tó wo ilẹ̀. Barnabas, mo ti rí nǹkan láyé, ṣùgbọ́n mi ò rí irú èyí.

Kò pẹ́ tí a padà sẹ́nu iṣẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀. Mo dé orí òkè lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo fun fèrè. A dá mi lóhùn láti ìsàlẹ̀. Mo dúró kí ọkọ̀ náà gòkè. Mo dúró títí ẹsẹ̀ mi fi kú sórí bíréèkì, kò sí ẹni tó yọ. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, kò sí ọkọ̀ kankan lójú ọ̀nà, kò sí ojú táyà tuntun nínú ẹrẹ̀. Mo ní àgbìgbò ni, ẹyẹ burúkú, o mọ bó ṣe máa ń ké. Ṣùgbọ́n inú igbó yìí la bí mi sí. Mo mọ àgbìgbò. Fèrè ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ohùn tirẹ̀, awakọ̀ kì í ṣì í mọ̀. Ti Ọlọ́runyọmí máa ń ha bí ọ̀fun ẹni tí òtútù mú, a sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ó lọ ra àgúnmu fún ọkọ̀ rẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn. Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, wọ́n ti tú u tà fún àwọn oní-irin.

O lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi sọ fún ẹnìkan. Ta ni kí n sọ fún? Bí mo bá sọ ọ́ nílé àdúrà, Wòlíì yóò ní òkú ń pè mí, yóò ní kí n wọ ilẹ̀ àánú lẹ́yìn ilé àdúrà kí n máa gbààwẹ̀ níbẹ̀, kí n má sì fọwọ́ kan ọkọ̀ títí Ẹ̀mí yóò fi ní ó tó. Bí Máníjà bá gbọ́, yóò ní orí mi ti yí. Mo pa ẹnu mi mọ́. Bí mo bá ti dé orí òkè tí a sì dá mi lóhùn, mo ń dúró, mo ń ka Sáàmù tí wọ́n kọ́ wa láti kékeré, èyí tó ní kí á gbé ojú sókè sí àwọn òkè. Ìsàlẹ̀ ni ojú tèmi ń wò. Ìgbà tí ara mi bá balẹ̀ ni mo máa ń sọ̀. Ìrìn tó yẹ kí n rìn lóòjọ́ kò wá pé mọ́, mo sì rò pé èmi nìkan ni.

Nígbà tó di oṣù Ògọ́ọ́sì, Máníjà pè wá jọ síwájú ọ́fíìsì rẹ̀. Inú ń bí i. Ó ní gedú kò tètè dé etí odò mọ́, pé àwọn tó ń so ó pọ̀ lórí omi ń jókòó lásán. Ó ní òun kì í ṣe ọmọdé, pé láti ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ káàkiri Nàìjíríà ti daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Júùnù tí wọ́n sì rí nǹkan gbà, àwa náà ti kọ́gbọ́n, a ti forí korí láti máa fa iṣẹ́ sẹ́yìn kí òun lè fi kún owó wa. A ń wo ara wa. Ọlọ́run ló mọ̀ pé a kò forí korí rárá. Kálukú wo ẹsẹ̀ rẹ̀, èyí sì mú kí ó dá Máníjà lójú pé òun ti já ọgbọ́n wa.

Lẹ́yìn tó bínú tán, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní kọ́ńpìnnì ti ṣetán láti fi owó tó jọjú kún owó ìrìn wa, bí ìrìn bá lè pé. Bàbá Owólabí, tí í ṣe àgbà nínú wa, tó ń gbẹnu sọ fún wa, dúpẹ́, ó wá bèèrè pé bíréèkì àwọn ọkọ̀ ńkọ́. O mọ àwọn ọkọ̀ náà. Ogun Hítílà ni wọ́n ti bá bọ̀, àwa ti gba òmìnira, àwọn kò tíì gba tiwọn. Máníjà ní kò sí owó bíréèkì. Ó ní àfikún owó nìkan ni òun lè fún wa, kí a gbà á tàbí kí a fi í sílẹ̀, kí a sì fún òun lésì lẹ́yìn ọjọ́ Ìsinmi.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, owó náà ni mo fẹ́. Ọmọ ń bọ̀ lọ́nà. Ọlọ́runníyì, tó kéré jù nínú àwa awakọ̀, fẹ́ ẹ jù mí lọ, nítorí ó ń tọrọ ìyàwó ní Odígbó, àwọn àna rẹ̀ kò sì fi ọ̀rọ̀ ṣeré. A fi ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé ní ilé àdúrà lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo awakọ̀ àti àwọn ìyàwó wa. Kálukú ń sọ pé kí a gba owó. Ẹlòmíràn ní bí a bá daṣẹ́ sílẹ̀, àwa kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba tí gbogbo ìlú á gbè. Kọ́ńpìnnì aládàáni ni tiwa, ẹnìkan ló ni ín, kò sì sí ẹni tó ń bi í léèrè. Ilé tí à ń gbé, tirẹ̀ ni. Bó bá fẹ́, ó lè lé wa síta kí ó kó awakọ̀ láti ibòmíràn wá. Bàbá Owólabí kò já wọn nírọ́. Ó ní òun ti bá wọn daṣẹ́ sílẹ̀ rí níbi iṣẹ́ kan nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, gbogbo àwọn ni wọ́n lé, àti pé gbágùúdá sísun ni òun fi gbé gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn náà.

Lẹ́yìn náà ó bi wá ní ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni kò rò tì. Ó ní ta ló sọ fún wa pé kí a máa fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ó wò wá yípo, ó wá bọ́ fìlà rẹ̀.

“Ẹ̀yin ọma mi,” ó ní, “mò ń gbọ́ fèrè lórí òkè Omifunfun. Bí mo bá gbọ́ ọ, mo máa ń dúró. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní wèrè, kó pè mí.”

Ẹnìkan lẹ́yìn mi ní òun náà ń gbọ́ ọ. Ẹlòmíràn ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ láti ẹnu dé ẹnu nìyẹn, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi, tí mo sì sọ tèmi. Ọlọ́runníyì bú sẹ́kún. Ó ní òun kì í tiẹ̀ lè jókòó dúró, pé bí òun bá gbọ́ ọ, òun máa ń bọ́ sílẹ̀, òun máa ń fi ẹsẹ̀ rìn dé ìsàlẹ̀ òkè láti wò bóyá ẹnìkan wà níbẹ̀, òun á tún gòkè padà wá gbé ọkọ̀. Fojú inú wo ọmọkùnrin gàgàrà yẹn tó ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú igbó lójoojúmọ́, tó sì ń bá wa ṣẹ̀fẹ̀ lálẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Gbogbo wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù ilẹ̀ àánú ti pa wá lẹ́nu mọ́ lọ́dọ̀ ara wa, Wòlíì sì wà níbẹ̀ tó ń gbọ́. Kò ní kí ẹnikẹ́ni wọ ilẹ̀ àánú. Ó dìde lórí àga rẹ̀, ó wá jókòó sórí ẹní láàárín wa.

Bàbá Owólabí tún sọ̀rọ̀. Ó ní, “Máníjà rò pé àwa là ń bá òun dúnàá-dúrà. Ọlọ́runyọmí ló ń bá a dúnàá-dúrà láti ọjọ́ yìí. Owó kọ́ ló sì ń bèèrè.”

Kò sí ẹni tó tún dárúkọ àfikún owó lẹ́yìn èyí. A pinnu pé ọkọ̀ kankan kò ní rìn mọ́ títí wọn yóò fi tún bíréèkì ṣe. Wọ́n gbé abọ́ tánganran ńlá tí a fi ń bu omi àdúrà síwájú pẹpẹ. O mọ àṣà wa: ohun tó bá wọ inú omi yẹn, a kì í yọ ọ́ títí ohun tí a torí rẹ̀ fi í síbẹ̀ yóò fi yanjú. Bàbá Owólabí ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ sínú omi. Àwọn tó kù tẹ̀ lé e. Tèmi ló gbẹ́yìn. Mo dì í mọ́wọ́, mò ń rò ó pé níbo ni Joanna yóò bímọ sí bí wọ́n bá lé wa jáde. Mo bojú wẹ̀yìn wò ó ní ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin. Ó ti mọ ohun tí mò ń rò, bó ṣe máa ń mọ̀ ọ́n.

“Zachariah,” ó ní, “ilé kọ́ ló fẹ́ bímọ. Èmi ni.”

Mo ju kọ́kọ́rọ́ náà sómi. Láti ìgbà náà, gbogbo ọkọ̀ wà lórí ìdúró ní Òrè, aláǹtakùn ti ń ta okùn sára wọn. Máníjà ti fún wa ní ìwé pé kí a kó jáde nílé nígbà tí oṣù bá parí. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní ṣe bí akọni fún ọ. Bí mo bá jí láàárọ̀ tí mi ò gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, mo máa ń rò pé àwa ni a ti kú. Ṣùgbọ́n ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni òkè. Nígbà tí ọkọ̀ ń rìn, mo lè tan ara mi pé bóyá ọkọ̀ ẹlòmíràn ni mo gbọ́. Nísinsìnyí tí kò sí ọkọ̀ kankan lójú ọ̀nà, bí fèrè yẹn bá dún, kí ni kí n tún sọ?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹsẹ̀ rìn lọ kí Títílọpẹ́ ní Omifunfun. Ara rẹ̀ le, Hannah ọmọ rẹ̀ ti ń rìn, ó sì jọ bàbá rẹ̀ débi pé mi ò lè wò ó pẹ́. Mo bá a níbi tó ti ń bó gbágùúdá lẹ́yìn ilé, níbi tí a ti ń wo àfonífojì. Ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni ọkọ̀ kò rìn mọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò mọ bí mo ṣe máa bi í ní tèmi, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó ní láti ọjọ́ tí a ti sìnkú, òun ń gbọ́ fèrè ọkọ òun láti inú àfonífojì lójoojúmọ́ tí ọkọ̀ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, òun kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni kí wọ́n má baà ní òun ti ya wèrè. Ó ní bó bá ti dún, òun máa ń bu oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀. Láti ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ti wọ omi, kò dún mọ́.

Ó ní òun kọ́kọ́ sunkún, pé ó ti fi òun sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá yé e. Kò sí ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kò dára lórí òkè mọ́, kò sí ẹni tó ní láti kìlọ̀ fún, ọkùnrin náà ń sinmi. A jókòó títí oòrùn fi rọlẹ̀, a ń tẹ́tí. Igbó dákẹ́. Lẹ́ẹ̀kan náà, àgbìgbò kan ké, àwa méjèèjì fò dìde, a wo ara wa, a sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín.

Bá mi kí Evelyn dáadáa. Kí àwọn ọmọ fún mi, kí o sì bá mi kúnlẹ̀ kí ìyá bí àwa ọkùnrin ṣe ń ṣe nílé. Bàbá Owólabí ń kí ọ. Ọlọ́runníyì náà ń kí ọ. Àwọn àna rẹ̀ ti gbọ́ pé kò níṣẹ́, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ní òun yóò dúró dè é. Bí Joanna bá bí ọkùnrin, o ti mọ orúkọ tí a ó sọ ọ́.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kádìí lẹ́tà sí, nítorí mo ti ń yẹra fún iṣẹ́ tí Títílọpẹ́ rán mi sí ọ. Kí n tó jẹ́ ẹ, gbọ́ tèmi. Bí ebi bá tì ọ́ dé ibí, mi ò ní pè ọ́ ní ọ̀dàlẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ni ọ́. Ohun kan ṣoṣo ni kí o bá mi ṣe. Bí o bá gbé gedú dé orí òkè Omifunfun, pa ẹ́ńjìnnì, fun fèrè, kí o tẹ́tí, bí àwọn àgbà ṣe kọ́ wa. Kí o rántí pé gbogbo wa wà nílé, kọ́kọ́rọ́ wa sì wà nínú omi. Bí a bá dá ọ lóhùn, o mọ ẹni tó dá ọ lóhùn.

Iṣẹ́ tí àbúrò rẹ rán mi nìyí. Mo sọ fún un pé Máníjà ń wá ọ ní Sapele. Kò bínú, kò sunkún. Ó ń bó gbágùúdá rẹ̀ lọ.

“Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “pé ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oorun sùn ni. Kó má wá jí i.”

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,
                                        Zachariah Bándélé.